Irin ọ̀fun oníkámẹ́rà fún àwọn ọmọdé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lemọ́lemọ́

Ẹnu ọ̀nà tíátà ni àwọn òbí ti bi wá ní díẹ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó kù wá láti ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ oògùn oorun. Ti òbí ló ṣáájú, ti òṣìṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹ fo èyí tí kò bá kàn yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní kíki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí ọmọ?

Rọ́bà tín-ín-rín kan ni. Ẹnu ọmọ la sábà máa ń gbà fi í sí ọ̀nà èémí, nígbà mìíràn ihò imú, kí ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ dókítà lè máa fẹ́ atẹ́gùn lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. A ń ṣe é fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí oògùn oorun máa dá èémí rẹ̀ dúró. A ń ṣe é fún ọmọ tuntun tí kò lè mí dáadáa fúnra rẹ̀. A sì ń ṣe é fún ọmọ tí àìsàn tàbí jàǹbá ti mú kó dákú, kí èébì má baà ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Kí rọ́bà tó wọlé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí ẹnu ọ̀nà náà, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín tán-án-ná méjèèjì tí ohùn ti ń jáde. Irin tí a fi ń gbé ahọ́n kúrò lọ́nà ká tó lè rí i ni àwọn oníṣègùn ń pè ní laryngoscope. Irin ọ̀fun ni mo máa pè é níbí.

Kí wá ni ti oníkámẹ́rà? Kí ló fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀?

Irin ti tẹ́lẹ̀ ní ibi ìdìmú tí bátìrì wà nínú rẹ̀, bíléèdì tó ń wọ ẹnu, àti iná kékeré kan. Dókítà á fi gbé ahọ́n àti àgbọ̀n sókè, á bẹ̀rẹ̀, á fi ojú ara rẹ̀ wo inú ọ̀fun. Ohun tó fẹ́ rí gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀kánkán ojú rẹ̀: ẹnu, ọ̀fun àti tán-án-ná ní láti tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Ti oníkámẹ́rà ní kámẹ́rà bíńtín nítòsí ibi tí bíléèdì parí sí, àwòrán á sì jáde lórí skírìnì. Ó dà bíi pé dókítà ti ki ojú rẹ̀ bọ inú ọ̀fun ọmọ. Kò sí ìlà tó tún ní láti tò.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Tó bá jẹ́ irin ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó dì í mú nìkan ló mọ ohun tó rí, ọ̀gá tó dúró tì í kàn ń bi í pé "Ṣé o rí i?" ni. Tí skírìnì bá wà, gbogbo wa la jọ ń rí i. Ọ̀gá lè sọ pé "Fà á sẹ́yìn díẹ̀." Nọ́ọ̀sì tó ń rọra tẹ gògóńgò ọmọ láti ìta ń fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń tì í sí. Lójú tèmi, àǹfààní yìí kò kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ta ló ṣe é?

Ẹni àkọ́kọ́ tó rí tán-án-ná tó ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn alààyè, tí ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́, kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ orin ni, Manuel García, ọmọ Sípéènì tó ń gbé London. Ní 1854 ló fi dígí kékeré wo ọ̀fun ara rẹ̀, kó lè rí bí ohùn ṣe ń jáde. Robert Miller mú bíléèdì gbọọrọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1941, Robert Macintosh sì mú èyí tó tẹ̀ jáde ní Oxford ní 1943. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ nínú tíátà. Oníṣẹ́ abẹ ará Kánádà kan, John Pacey, ló ṣe GlideScope, irin oníkámẹ́rà tó dé ọjà ní 2001. C-MAC, McGrath àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Ṣé ọmọ mi máa mọ̀ ọ́n lára?

Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ, rárá. Ó ti sùn fọnfọn kí irin tó kan ẹnu rẹ̀. Tó bá jí, ohùn rẹ̀ lè há, ọ̀fun sì lè máa dùn ún fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ fún un ní omi tútù tí wọ́n bá ti gbà yín láyè. Tí èémí rẹ̀ bá ń dún bí ẹni ń fà á látinú igo, tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọlé nígbà tó bá ń mí, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí dókítà máa yí ká.

Kí ni kí n sọ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ sọ fún wa tí eyín rẹ̀ kan bá ń mì. Ọmọ ọdún 6 tàbí 7 sábà máa ń ní ọ̀kan tó ti fẹ́ já, a kò sì fẹ́ kó já bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sọ fún wa tí ọ̀fìnkìn bá mú un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó bá ń hanrun gan-an lóru, tàbí tí wọ́n bá ti sọ fún yín rí pé ọ̀fun rẹ̀ ṣòro. Tí ẹ bá ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, òun gan-an ni ká kọ́kọ́ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oúnjẹ pamọ́ fún wa. Àwọn ìyá kan gbà pé ògì kì í ṣe oúnjẹ torí pé ó ṣàn. Oúnjẹ ni o. Tó bá mu ún láàárọ̀, ẹ sọ ọ́. A ó sún iṣẹ́ abẹ síwájú, a kò ní bá yín jà.

Ṣé wọ́n ń ká fídíò ọmọ mi sílẹ̀?

Àwọn irin kan lè ká a sílẹ̀, àwọn kan kò lè ṣe é. Inú ọ̀fun nìkan ló máa ń hàn nígbà tí irin bá ti wọlé, síbẹ̀ ohun ìní aláìsàn ni. Ó yẹ kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fi kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ sórí WhatsApp rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò yẹ, bó ti wù kí àwòrán náà mọ́ tó.

Ṣé ọ̀fun ọmọdé kì í ṣe ti àgbàlagbà tó kàn kéré ni?

Rárá o. Orí ọmọ ìkókó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Tó bá sùn gbalaja, ìpàkọ́ rẹ̀ á ti àgbọ̀n mọ́ àyà, ọ̀nà èémí á sì ká. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ká aṣọ sábẹ́ èjìká rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ orí la ń fi ìrọ̀rí sí fún àgbà. Ahọ́n rẹ̀ kún ẹnu. Gògóńgò rẹ̀ wà lókè, ní ọ̀gangan egungun ọrùn kẹta sí ìkẹrin, tó fi dà bíi pé ó sá pamọ́ sẹ́yìn ahọ́n; ti àgbà wà nísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awẹ́ ẹran tó ń dé ọ̀nà èémí nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ mì gùn lọ́fun ọmọdé, ó rọ̀, ó sì máa ń dà bo ohun tí ẹ fẹ́ rí gan-an.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù kì í hàn lójú. Kílò kan ara ọmọ ìkókó ń lo atẹ́gùn oxygen tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àgbà, ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí nínú ẹ̀dọ̀fóró sì kéré. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí ara rẹ̀ le, tí a sì ti fún ní oxygen gidi kó tó sùn, oxygen inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já sí 90 nínú 100 lórí mọ́nítọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ tí kò bá mí. Ọmọ tó ti ju ọdún 11 lọ lè tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ kò tó láti lọ wá bátìrì.

Lẹ́yìn náà ni ti wíwú. Ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, tí ara rẹ̀ bá wú ní mìlímítà 1 yí po, ìdámẹ́rin àyè tó ní tẹ́lẹ̀ ló kù sí i. Ti àgbà lè má ju kí ohùn há lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi agbára ti nǹkan wọ ọ̀fun ọmọ, wíwú yẹn lẹ ń rà fún un.

Ṣé òótọ́ ni pé ti oníkámẹ́rà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ìdáhùn tí ǹ bá fún yín ní 2017 kọ́ ni mo máa fún yín lónìí. Ní ọdún náà, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ọmọdé jọ, yàtọ̀ sí ti ọmọ tuntun. Wọ́n rí i pé ti oníkámẹ́rà ń pẹ́ jù, ó sì ń kùnà jù, àmọ́ àwọn fúnra wọn sọ pé ẹ̀rí náà kò lágbára. Irin oríṣiríṣi ni wọ́n dà pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, àwọn kan kò tẹ̀.

Ní 2020 ni ìwádìí ńlá kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, láti Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, lórí ọmọ 564 tí kò tíì pé ọdún kan. Bíléèdì tó jọ ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, kámẹ́rà nìkan ni wọ́n fi kún un. Rọ́bà wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan fún ìdá 93 nínú 100, nígbà tí irin lásán ṣe 88. Fún àwọn tí kò ju kílò 6.5 lọ, ó jẹ́ 92 sí 81. Rọ́bà ṣìnà lọ sí ọ̀nà oúnjẹ fún ọmọ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ àwọn oníkámẹ́rà, àti fún ọmọ méje lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ní 2024, ìwádìí láti Dublin lórí ọmọ tuntun 214 sọ pé 74 nínú 100 ni ti oníkámẹ́rà wọlé fún ní ẹ̀ẹ̀kan, irin lásán sì jẹ́ 45. Ọdún yẹn kan náà ni ìlànà àwọn oníṣègùn oorun ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé òun ni kí a kọ́kọ́ mú fún ọmọ tuntun àti ọmọ ìkókó, pẹ̀lú bíléèdì tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu.

Ẹ kíyè sí i pé 74 kì í ṣe 100. Bí èèyàn bá ń tọ́jú ọmọ ọdún 8 tí ẹnu rẹ̀ ń là dáadáa, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ irin ti tẹ́lẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn. Àmọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí ẹ bá ní ti oníkámẹ́rà, òun ni kó kọ́kọ́ wọ ẹnu ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí irin lásán bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta tí ọ̀fun ti wú tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Mo ti dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti tiwọn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ti lọ sílé.

Bíléèdì wo ni kí n mú fún ọmọ wo?

Agbo méjì ni wọ́n. Agbo kìíní jọ ti tẹ́lẹ̀: Miller 0 fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé àti ọmọ tuntun tó kéré, Miller 1 fún ọmọ ìkókó, Macintosh 2 fún ọmọ tó ti ń lọ sí ọdún méjì sókè. Ìwọ̀n ara ọmọ lẹ máa wò, ọjọ́ orí kàn ń tọ́ yín sọ́nà ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa agbo yìí ni pé bí skírìnì bá kú lójijì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fi ojú ara yín wò ó, láìyọ irin kúrò lẹ́nu.

Agbo kejì ni àwọn tó tẹ̀ gan-an. Wọ́n ń wo kọ̀rọ̀ tí ojú kò lè dé, bíi ti ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ kéré tó sì sá sẹ́yìn. Ẹ kò lè fi ojú lásán wo nǹkan kan látẹnu wọn, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ ní wáyà líle nínú tó tẹ̀ bí i tiwọn. Ẹ má mú un fún ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ kò ní wàhálà kankan, ẹ kàn máa dá wàhálà sílẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe ń mọ ìwọ̀n rọ́bà àti ibi tó yẹ kó dé?

Fún ọmọ tó ti lé lọ́dún méjì: ẹ pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí mẹ́rin, ẹ fi 3.5 kún un tí rọ́bà bá ní bàlúùnù kékeré tó ń dí àyè yí i ká, tàbí 4 tí kò bá ní. Mìlímítà fífẹ̀ inú rọ́bà ni ohun tí ẹ máa rí. Ọmọ ọdún 4 á lo 4.5 tó ní bàlúùnù. Fún bó ṣe máa jìn tó láti ètè, ẹ pín ọjọ́ orí sí méjì kí ẹ fi 12 kún un: sẹ̀ǹtímítà 14 fún ọmọ yìí kan náà. Fún ọmọ tuntun, ẹ fi 6 kún kílò rẹ̀. Ọmọ kílò 3 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9. Ẹ gbé èyí tó fi ààbọ̀ kéré sí i àti èyí tó fi ààbọ̀ tóbi jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tó fún ọmọ lóògùn oorun.

Afẹ́fẹ́ inú bàlúùnù náà, ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Kó má ju sẹ̀ǹtímítà omi 20 lọ, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ìka ọwọ́ tó ń fún bàlúùnù lẹ́yìn ìta kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń ro ni.

Skírìnì ṣú, tàbí gbogbo rẹ̀ funfun bí ọyẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìrì ló bò ó. Ẹ tan irin náà ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn máa ń mú kámẹ́rà lọ́wọ́ọ́wọ́ fúnra wọn. Èyí tí kò ní irú rẹ̀, ẹ fi orí bíléèdì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó mọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Bó bá jẹ́ itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀fun mọ́ kí irin tó wọlé. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré ti tó láti fọ́ kámẹ́rà lójú, nígbà tí ojú èèyàn ṣì lè wò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́fun lẹ́yìn tí wọ́n yọ bèlubèlu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí irin lásán ṣì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Mo rí tán-án-ná rekete, àmọ́ rọ́bà kọ̀, kò wọlé. Kí ló dé?

Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: kámẹ́rà ti yà ní kọ̀rọ̀, rọ́bà ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà á. Rírí tí ẹ rí i kò tíì sọ ọ̀nà di títọ́.

Ohun tó ń fà á jù ni pé ẹ sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí tán-án-ná bá kún ojú skírìnì, inú ẹni tó dì í mú á máa dùn, á ní òun ti ríran. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Bíléèdì ti gbé gògóńgò ṣíwájú jù, àyè tí rọ́bà máa gbà sì ti há. Ẹ fa irin sẹ́yìn díẹ̀, títí tán-án-ná á fi wà ní ìdajì òkè skírìnì, tí ìdajì ìsàlẹ̀ á ṣófo fún rọ́bà. Tí ẹ bá ń rí ìdajì rẹ̀ péré, ó tó. Ìran tó burú díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kí rọ́bà wọlé. Ó ṣòroó gbà gbọ́ títí èèyàn á fi dán an wò.

Bí orí rọ́bà bá ti kọjá láàárín tán-án-ná tó wá dúró gbagidi, ògiri iwájú ọ̀nà èémí ló ń fi orí gbá. Kí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ fa wáyà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá rọra yí rọ́bà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹ sì tì í. Bó bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kó tóbi jù fún òrùka tó wà nísàlẹ̀ tán-án-ná. Ẹ mú èyí tó fi ààbọ̀ kéré sí i. Ẹ má fi agbára ṣe é. Fún ọmọdé, rọ́bà tí wọ́n fi agbára tì wọlé lónìí lè di ọ̀nà èémí tó há títí ayé.

Ẹ sì máa wo aago. Tí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá ti lọ, tàbí tí oxygen bá ti ń bọ̀ wálẹ̀ kọjá 90, ẹ yọ irin, ẹ fi ìbòmú àti báàgì fún un ní atẹ́gùn. Mo ti rí èèyàn tó tẹjú mọ́ skírìnì débi pé kò gbọ́ pé ohùn mọ́nítọ̀ ti yí padà. Ẹ yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka nọ́ńbà náà sókè ketekete.

Ewu wo ló wà nínú ti oníkámẹ́rà tí kò sí nínú ti tẹ́lẹ̀?

Ojú yín ń bẹ lórí skírìnì, rọ́bà tó ní wáyà líle nínú sì ń rìn nínú ẹnu níbi tí kámẹ́rà kò tíì rí. Ibẹ̀ ló ti ń gún àjà ẹnu tàbí ẹ̀gbẹ́ bèlubèlu. Bó ṣe yẹ ni pé: ẹ wo ẹnu nígbà tí irin ń wọlé, ẹ wo skírìnì láti wá tán-án-ná, ẹ padà wo ẹnu nígbà tí rọ́bà ń wọlé títí orí rẹ̀ fi kọjá ahọ́n, ẹ wá padà sí skírìnì. Kí orí wáyà má ṣe yọ jáde lẹ́nu rọ́bà láé. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ fi irin náà wo ẹnu yí po bí ẹ ṣe ń yọ ọ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbì kan.

Mo rí i lórí skírìnì pé ó wọlé. Ṣé mo tún ní láti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà gbogbo. Rọ́bà lè yọ padà ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ń fa wáyà jáde, ojú sì lè tan èèyàn jẹ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run. Rọ́bà tó ṣìnà wọ ọ̀nà oúnjẹ láìsí ẹni tó fura máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà di òótọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ka carbon dioxide tí ọmọ ń mí síta, capnograph, ni adájọ́. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè kó máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán èémí méje. Tí ìlà kò bá sí, ẹ gbà pé ibi tí rọ́bà wà kò tọ́, kódà bí ọkàn ọmọ bá ti dúró tí ẹ ń tẹ àyà rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ìrì inú rọ́bà tàbí ohun tí ẹ gbọ́ nínú stethoscope. Ariwo ikùn ọmọ ìkókó máa ń dé àyà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè gbìyànjú?

Nínú àkọsílẹ̀ kan tó jáde ní 2016 láti ilé ìwòsàn ọmọdé 13 ní Amẹ́ríkà, lórí 1,018 ọ̀fun tó ṣòro, ìdá 20 nínú 100 ló bá ìṣòro pàdé, ìdá 2 sì ni ọkàn wọn dúró. Ìgbìyànjú tó ju méjì lọ wà lára ohun tó bá ìṣòro náà rìn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan dáadáa, ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú ohun tí ẹ yí padà: bíléèdì mìíràn, ọwọ́ mìíràn, bí ọmọ ṣe sùn. Ẹni tó bá tún ohun kan náà ṣe pẹ̀lú irin kan náà kò gbìyànjú nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí oxygen máa gba imú ọmọ wọlé ní gbogbo ìgbà tí irin wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará Ọsirélíà dán irú rẹ̀ wò lára ọmọ tuntun, ìwádìí náà sì jáde ní 2022: nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba imú, ìdajì ni rọ́bà wọlé fún ní ẹ̀ẹ̀kan láìjẹ́ pé oxygen tàbí ọkàn wọn já wálẹ̀, nígbà tí kò sí, ó jẹ́ 31.5 nínú 100.

Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́?

Bíléèdì tó kan inú ọ̀fun ní láti gba ìfọ̀ tó pa kòkòrò tó lágbára, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ẹ ka ìwé tó bá a wá, nítorí omi oògùn tó dára fún ọ̀kan lè ba kámẹ́rà ti èkejì jẹ́. Spírítì tí wọ́n fi nù ún gààràgà kò tó. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ń dunni.

A kò lówó rẹ̀, iná kì í sì í dúró. Ṣé ká fi kámẹ́rà fóònù ṣe é?

Àwọn kan ti so kámẹ́rà USB tín-ín-rín, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wo inú ẹ́ńjìnnì, mọ́ bíléèdì Macintosh, wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bíléèdì ọmọ ìkókó tín-ín-rín débi pé kámẹ́rà tí ẹ so mọ́ ọn lè gba gbogbo àyè ẹnu, téèpù lè tú, fífọ̀ rẹ̀ sì ṣòro. Mo lè gbà á fún kíkọ́ èèyàn lórí bèbí rọ́bà. Mi ò ní fi wọ ẹnu ọmọ kílò 3.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ohun tí ilé ìwòsàn máa rà, ẹ béèrè bíléèdì ọmọdé kí ẹ tó béèrè skírìnì ńlá. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n kó wá fún wa ní Nàìjíríà, bíléèdì àgbà nìkan ló bá a wá. Ẹ béèrè pé báwo ni bátìrì ṣe ń pẹ́ tó, ibo la ti ń rí òmíràn rà, kí ẹ sì máa gbé irin ti tẹ́lẹ̀ tí iná rẹ̀ ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí ti oníkámẹ́rà bá wà, ṣé kí n tún wulẹ̀ kọ́ ti tẹ́lẹ̀?

Ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ lórí irin oníkámẹ́rà tó ní bíléèdì Miller tàbí Macintosh: ẹ máa fi ojú ara yín wo inú ẹnu, kí ọ̀gá yín máa wo skírìnì. Ọwọ́ yín ń kọ́ ti àtijọ́, ọmọ sì ní ojú kejì tó ń ṣọ́ ọ. Kí ẹ tó kọ́ méjèèjì, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbòmú àti báàgì fún ọmọ ní atẹ́gùn. Òun ló ń dá ẹ̀mí ọmọ sí nígbà tí irin méjèèjì bá kùnà.

Àgbọ̀n ọmọ sá sẹ́yìn, tàbí ẹnu rẹ̀ kò là. Ṣé kámẹ́rà máa yanjú rẹ̀?

Méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Pierre Robin, tí àgbọ̀n rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ ń là. Ibẹ̀ ni bíléèdì tó tẹ̀ ti wúlò jù. Àmọ́ ọmọ tí noma, àrùn tó ń jẹ ẹran ojú, ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí àpá sì ti so àgbọ̀n pọ̀, ọmọ tí oríkèé àgbọ̀n rẹ̀ ti dì lẹ́yìn jàǹbá, tàbí tí iná jó lọ́rùn tí awọ ti fà á mọ́ àyà, kámẹ́rà tó dára jù láyé kò lè wọ ẹnu tí kò ṣí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn noma ní Sókótó mọ èyí dáadáa. Kámẹ́rà tó rọ̀ bí okùn, tó ń gba imú wọlé, ni ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń là, a lè fi ìbòmú inú ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní LMA gbà á là fúngbà díẹ̀, kí okùn kámẹ́rà náà sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dún fíìfíì nítorí nǹkan tó há sí i lọ́fun tàbí kókó tó hù níbẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹ má fún un lóògùn tó ń dá èémí dúró kí oníṣẹ́ abẹ ọ̀fun tó wà nínú tíátà, tó ti wọ ìbọ̀wọ́, tí irin rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Gígún ọrùn ọmọ ìkókó láti ìta láti wá ọ̀nà èémí ṣòro gan-an, nítorí àlàfo tí wọ́n ń wá kò fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Tí kò bá sí oníṣẹ́ abẹ náà lọ́dọ̀ yín, tí ọmọ sì ṣì ń mí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹ fún un ní oxygen, ẹ má jẹ́ kó sunkún, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí oníṣẹ́ abẹ wà, kí dókítà tó mọ báàgì àti ìbòmú lò bá a lọ nínú ọkọ̀.